Etí Òsì Mi Tó Dákẹ́

Abẹ́ ọkọ̀ oníbàárà kan ni mo wà ní Mushin nígbà tí mo mọ̀ pé nǹkan ti yíwọ́. Mẹkáníìkì ni mí. Etí la fi ń wá ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ráhùn. Mo ní apá ọ̀tún ni. Mo tú u, mo dì í, ó ṣì ń dún. Oníbàárà na ìka sí òsì: "Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí mà ni." Inú bí mi sí i, nítorí òótọ́ ló sọ.

Ọdún tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún ni. Àfi bíi pé etí mi náà gbọ́ àṣẹ. Ọ̀tún ni gbogbo ìró ayé kó sí. Ní ìsọdá ojú irin l'Ọ́yìngbò, mo gbọ́ fèrè reluwé, mo wo ọ̀tún, kò sí nǹkan, mo gbẹ́sẹ̀. Ìyàwó mi fà mí lẹ́wù, ẹ̀wù ya. Òsì ni reluwé gbà kọjá.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó ni?"

"Mo ti rí i tẹ́lẹ̀." Irọ́ ni; mo kàn ń di ẹ̀wù tó ya mú.

Ó wọ́ mi lọ sí ọsibítù. Lórí bẹ́ńṣì, mo ń ro iṣẹ́ tí mẹkáníìkì adití lè ṣe. Mi ò rí ọ̀kan. Dókítà, obìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ, ṣàlàyé pé ohùn tó ti òsì wá máa ń kọ́kọ́ dé etí òsì, ó sì máa ń le níbẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ni ọpọlọ fi ń mọ ibi tó ti wá. Etí kan á gbọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè júwe. Ó lu irin oníka méjì kan, ó fi ìdí rẹ̀ ti iwájú orí mi.

"Etí wo lẹ ti ń gbọ́ ọ, sà?"

Ẹ wo èèmọ̀: etí tó di gan-an ló ti ń hó! Kí wọ́n má baà ní orí mi dàrú, mo ní, "Ọ̀tún ni." Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní a jẹ́ pé iṣan tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ ló kú, bóyá ni yóò ṣeé tún ṣe.

Ìyàwó mi ti mọ irọ́ mi tipẹ́. "Ẹ sọ òótọ́ o."

"Òsì ni."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ló dí, iṣan ò kú. Ó tan iná wo inú etí náà: òwú tí mo rẹ sínú àdí, tí mo kì bọ̀ ọ́ nígbà tó ń yún mi, ló há síbẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí. Wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́. Ó ro mí wọnú eyín, òòyì kọ́ mi. Ẹ̀yin tí etí yín kan bá dákẹ́, ẹ má kì nǹkan bọ̀ ọ́, ẹ má sì fi ìtìjú dá dókítà lóhùn.

Láti kékeré ni mo ti ń fi etí méjì jẹun, mi ò dúpẹ́ rí. Nígbà tí a délé, ìyàwó mi ní kí n dijú. Ó wúkọ́, mo na ìka sí i. Ó sún kúrò, ó pàtẹ́wọ́; mo tún na ìka sí i. Lẹ́ẹ̀kẹta kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ tó ń fa imú, tó ń sunkún: ẹ̀yìn mi, lápá òsì.