Òrí Tí Kò Yọ́

Bí mo bá ti gbóòórùn òrí, yàrá Màmá, ìyá bàbá mi, nílé wa ní Bẹẹrẹ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹní kan àti igbá òrí nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ru irin rélùwéè ló máa ń wá kó wọ́ ara fún wọn, tí èjìká wọn á ti wú. Màmá á tilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má baà wọlé.

Kì í yọ́ òrí lórí iná láé. Á bù ú lé ẹ̀yìn onítọ̀hún, á dúró títí á fi máa ṣàn fúnra rẹ̀.

"Ara alààyè ló ń yọ́ òrí," á ní. "Iná, ọbẹ̀ ni kó máa sè."

Bí ẹni tó ń wọ́ bá ń pa ìrora mọ́ra, á jágbe mọ́ ọn: "Kígbe, jàre! Bí o ò bá kígbe, ọwọ́ mi ò tíì débẹ̀."

Lásìkò ọyẹ́ kan, wọ́n gbé àbíkẹ́yìn Màmá wálé. Irin rélùwéè òyìnbó ló já lù ú lẹ́nu iṣẹ́. A ò rí òyìnbó kankan kó bá wa kẹ́dùn.

Bàbá mi ní, "Ìyá, ẹ mú sùúrù. Ó ti lọ."

Màmá ní kí wọ́n tẹ́ ọmọ òun sórí ẹní, ó bu òrí lé e láyà, ó tilẹ̀kùn. Láti ìta, à ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Kígbe, ọmọ mi. Kígbe."

Nígbà tí oòrùn wọ̀, bàbá mi ṣílẹ̀kùn. Òrí náà ṣì funfun láyà àbúrò rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bù ú síbẹ̀.

Màmá nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìró.

"Ẹ lọ gbẹ́lẹ̀," ó ní.