Àtíkè fún Ojú Dúdú

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dúró lẹ́yìn káńtà ní Ìlaròó, ọ̀gá mi ní kí n wo obìnrin kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kí n sì sọ àbùkù mẹ́ta tó wà lójú rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo wò ó. Mo rí obìnrin kan tó pọn ọmọ, tí oòrùn ń pa. Mi ò rí àbùkù kankan.

"O ò tíì lójú iṣẹ́," ni Àǹtí Kẹ́mi wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Iwájú orí rẹ̀ ń dán bí ẹni fi epo pa á. Abẹ́ ojú rẹ̀ dúdú. Ètè rẹ̀ ò dọ́gba. Bó bá wọlé báyìí, èwo lo máa kọ́kọ́ sọ fún un?"

"Mo máa kí i, mà."

"Bó o bá kí i tán ńkọ́?"

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé "kíka ojú" ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Bí oníbàárà bá wọlé, kí á tó béèrè ohun tó fẹ́ rà, a ó ti sọ ohun tó ń ṣe ojú rẹ̀. Ara ẹni náà á bù máṣọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ohun tó bá sì ti wà níwájú wa la ó tà fún un.

Ó yẹ kí n ti kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ń sọ èyí nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi mú mi. Mo mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dunni, torí wọ́n ti sọ ọ́ sí èmi náà rí. Lọ́dún tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, mo wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Abẹ́òkúta láti ra àtíkè tí màá fi ya fọ́tò ìparí. Láti inú mọ́tò ni mo ti ń fi ohun tí màá sọ kọ́ra. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì pe ẹnì kejì rẹ̀: "Wá o, kí la ní tó lè bá èyí mu?" "Èyí" ló pè mí, bí ẹni ń tọ́ka sí bàtà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mo rà, kí n ṣáà lè jáde. Nínú fọ́tò, mo dà bí ẹni tó forí sọ àpò èlùbọ́. Màmá mi gbé e kọ́ sí pálọ̀, inú wọn ń dùn, mi ò sì lè ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé iwájú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, òdìkejì títì ni mo máa ń dúró sí. Màá máa wo àwọn ìgò náà látọ̀ọ́kán bí ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè.

Kí ló wá gbé mi dé ẹ̀yìn káńtà? Àìríṣẹ́ ni. Ẹ̀kọ́ nípa kẹ́míkà ni mo kà ní yunifásítì, oṣù mẹ́jọ ni mo sì fi jókòó sílé. Ìdí kejì tún wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí láti kọ ọ́: mo rò pé bó bá jẹ́ èmi ló wà lẹ́yìn káńtà, ẹ̀rù ò ní bà mí mọ́. Òtítọ́ sì ni. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Àwọn tó wà níwájú mi lẹ̀rù ń bà. Láàárín oṣù méjì, mo ti mọ ojú kà ju Àǹtí Kẹ́mi lọ. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, inú ara mi máa ń bí mi débi tí mi ò fi ní lè jókòó.

Nígbà tó yá, ìjọba ti bodè pa. Kútọnu ni ọjà wa ti ń wá; obìnrin kan ló máa ń kó o gba ọ̀nà Owódé wọlé, Faransé tí kò sí ẹni tó lè kà á nínú wa ni wọ́n sì kọ sára gbogbo ìgò. Wọ́n ti bodè tán, obìnrin náà ò wá mọ́. Pẹpẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, àwọn àwọ̀ dúdú ló sì kọ́kọ́ tán, nítorí àwọn ni èèyàn ń rà jù. Ẹ gbọ́ o. Àwọn tí wọ́n ń fi wá ṣẹlẹ́yà pé kò sí ohun tó bá wa mu, owó tiwa ni wọ́n fi ń jẹun.

Àwọ̀ mẹ́rin ló kù, gbogbo wọn funfun bí ògì. Mo bi Àǹtí Kẹ́mi léèrè ohun tí a ó ṣe.

"Tà á bẹ́ẹ̀."

"Kò ní bá wọn mu, mà."

"Sọ fún wọn pé àwọ̀ wọn ló dúdú jù. Kí wọ́n ra ìpara yìí mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti pa á fún oṣù kan, ojú wọn á wá bá àtíkè mu."

Ìpara tó ń bó ara ni, tí òun fúnra rẹ̀ ń pò nínú ọpọ́n lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń lò. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo ka kẹ́míkà. Mo sì dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Màmá Tíṣà wọlé. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n, láti Joga-Orílé. Wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì fẹ́ àtíkè tí wọn yóò lò lọ́jọ́ tí àwọn olùkọ́ yóò ya fọ́tò pẹ̀lú wọn. Wọ́n dúdú dáadáa, ilà pélé sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì, mẹ́ta mẹ́ta. Àǹtí Kẹ́mi ń fi ojú sọ fún mi pé kí n bẹ̀rẹ̀. Mo ní ojú wọn ti gbẹ. Mo ní àwọ̀ wọn ti ṣú jù. Ẹ̀kẹta ló kù, mo sì wá a títí mo fi rí i.

"Ilà yìí náà, mà, a lè bò ó mọ́lẹ̀. Kò ní hàn rárá nínú fọ́tò."

"Kí lẹ fẹ́ bò?"

"Ilà yín, mà."

Wọ́n gbé àpamọ́wọ́ wọn sórí káńtà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Yewa níbí náà ni mí, mà."

"Ìyá tó bí bàbá rẹ, wọ́n kọlà?"

"Wọ́n kọ ọ́, mà."

"Irú èwo?"

Mo wolẹ̀. "Irú èyí náà ni, mà."

"O ti bá wọn bò ó?"

Àǹtí Kẹ́mi sáré dá sí i. "Ẹ má bínú, Màmá. Ayé òde òní ni. Kò bú yín."

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bá wí," ni Màmá Tíṣà fèsì. "Ojú ò tì ọ́. Ọmọ yìí tó ń wo ilẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Wọ́n mú àpamọ́wọ́ wọn, wọ́n lọ.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí nínú mi, torí pé títí di òní mi ò tíì rí ẹni tó yé. Ìtìjú ló kọ́kọ́ dé, irú ti Abẹ́òkúta gan-an, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí èmi ni mo fi kan ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé. Mo rí i pé ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni mo kọ́ bí iṣẹ́, tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, tí mo sì fi ń jẹun.

"O jẹ́ kó lọ!" ni Àǹtí Kẹ́mi pariwo.

"Mo bú ìyá àgbà."

"O sọ òtítọ́ fún un ni."

"Irọ́ ni, mà. Irọ́ ni gbogbo ohun tí à ń sọ níbí. Ojú èèyàn ò ní àbùkù, ọjà ni kò sí lórí pẹpẹ! Ẹ̀ ń ní kí èèyàn lọ bó ara rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti bodè!"

Mi ò tíì pariwo mọ́ àgbà bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo tú épírọ́ọ̀nù mi, mo sọ ọ́ sórí àga. Bí mo ti ń jáde, ó kígbe tẹ̀ lé mi: "Ta ló máa gbà ọ́ síṣẹ́ pẹ̀lú ojú rẹ yẹn?" Mo gbọ́. Mi ò wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gun ọ̀kadà lọ sí Joga. Ilé Màmá Tíṣà ò ṣòroó rí. Ta ni kò mọ ẹni tó kọ́ ọ ní A, B, D? Wọ́n wà ní ìdí iná, wọ́n ń se ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mo sọ ti Abẹ́òkúta, mo sọ ti fọ́tò, mo sọ ti kíka ojú, mo sọ bó ṣe ń dùn mí àti ìdí tó fi ń dùn mí.

"Dìde, ọmọ yìí," ni wọ́n wí. "Omi àkọ́kọ́ ni mo dà sí ẹ̀wà yìí nígbà tó o bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń jinná lọ."

Mo béèrè pé ṣé wọ́n ti rí àtíkè rà. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé agolo kékeré kan jáde. Àtíkè inú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó dúdú bíi kòkó yíyan. Àbúrò wọn ló ń ṣe é, ní Ayétòrò.

"Kí ló wá gbé yín dé ọ̀dọ̀ wa, mà?"

"Ojúkòkòrò ni. Mo ní kí n lo ti òyìnbó lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó fẹ̀yìn tì." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Màmá Ràbí, àbúrò wọn ní Ayétòrò, nìyẹn. Ẹfun tó ń wá láti apá Ìmẹ̀kọ ni wọ́n fi ń ṣe àtíkè wọn. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á tún jọ̀ ọ́. Kòkó lílọ̀ àti osùn ni wọ́n ń pò mọ́ ọn títí yóò fi dé àwọ̀ tí wọ́n fẹ́. Wọn ò ní káńtà. Àga kan ló wà lábẹ́ ìbòòji, nítorí wọ́n ní iná mànàmáná máa ń parọ́ mọ́ àwọ̀. Bí oníbàárà bá jókòó, wọn ò ní wo ojú rẹ̀ rárá. Wọ́n á ní kó na ọwọ́, wọ́n á wo abẹ́ apá níbi tí oòrùn kì í sábà dé, wọ́n á gbé agolo méjì tàbí mẹ́ta kalẹ̀, wọ́n á fún un ní dígí, wọ́n á sì lọ fún ewúrẹ́ wọn lóúnjẹ.

Nígbà tí wọ́n ṣe é fún mi, mo jókòó bí ọ̀dẹ̀. Mò ń retí kí ẹnì kan sọ ohun tó ń ṣe ojú mi. Ewúrẹ́ nìkan ló ń ké. Mo fi àtíkè náà pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, mi ò sì rí ibi tí àtíkè parí sí, tí àwọ̀ mi bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún, kì í ṣe ti ayọ̀ o. Inú ló bí mi pé ẹfun àti kòkó, nǹkan tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní kò sí láyé.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́. Mo fi ohun tí mo kà kún un: mo ń wọn nǹkan, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí agolo òní lè rí bíi ti àná. Mo ṣàṣìṣe náà. Osùn pọ̀jù nínú èyí tí mo kọ́kọ́ dá pò, ó sì pa kọ́là aṣọ ìyàwó pásítọ̀ láró. Odindi ọ̀sẹ̀ ni Màmá Ràbí fi ń pè mí ní "apaṣọláró." Nígbà tí àwọn obìnrin Ìlaròó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nítorí pẹpẹ ibẹ̀ ti ṣófo, àwọ̀ méje la ti ní.

Ọjọ́ kan ni Àǹtí Kẹ́mi sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Bodè ò tíì ṣí. Ó ní òun fẹ́ máa ra àtíkè wa tà. Màmá Ràbí fi ẹnu júwe mi: "Òun ni kó o bá sọ̀rọ̀."

"Mi ò ní í tà á fún yín, mà," ni mo wí. "Ẹ ó kọ́kọ́ ka ojú àwọn oníbàárà kí ẹ tó gbé e fún wọn."

"Bùkọ́lá, ọjà lọjà."

"Mi ò tà, mà."

Mo rò pé yóò pariwo. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó jókòó sórí àga náà, ó sì rọra sọ ọ́: "Èmi ńkọ́? Bó jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ẹyọ kan?"

Àfi kí n jẹ́wọ́ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Ìpara ti jẹ ojú rẹ̀. Ó pupa níbì kan, ó dúdú níbòmíì, oríkèé ìka rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rí i. Ọ̀rọ̀ náà ti tò sí ẹnu mi. Inú ń bí mi débi pé mo mọ bí yóò ṣe dùn tó bí mo bá sọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ na ọwọ́, mà."

Abẹ́ apá rẹ̀ dúdú bíi tèmi. Mo pò ó lọ́tọ̀, mo fún un ní dígí, mo lọ jọ ẹfun lẹ́yìnkùlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ó ti pa á, ojú rẹ̀ sì dọ́gba láti eteetí dé eteetí.

"Mo ti gbàgbé," ló wí. "Bí mo ṣe rí nìyí tẹ́lẹ̀."

Ká ní mo lanu, ìbínú ni ì bá jáde. Mo wé agolo náà sínú ọ̀rá, mo kúnlẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.