Aláyà àti Àkàbà Alátẹ̀gùn Mẹ́rìnlá

Àbúrò mi obìnrin kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí gbogbo àwọn akunlé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pè é ní Aláyà. Ibi tí àwọn ọkùnrin bá ti ń wo òkè tí wọ́n ń họ orí, ibẹ̀ ló máa ń gbé róólà rẹ̀ gùn. Káfíńtà lèmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi kan àkàbà tó ń lò, àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló sì wà lára rẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu mi ló kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Ilé-ìwé kan là ń ṣe lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mò ń tún fèrèsé kan ṣe nísàlẹ̀, òun wà lórí àtẹ̀gùn kẹsàn-án, ó ń kun etí òrùlé. Lójijì ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà já lulẹ̀ gbàà. Mo gbójú sókè. Ó ti gbá àkàbà mọ́ra, òógùn bò ó, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àyà mi o! Mò ń kú lọ!"

Mo gun àkàbà náà, mo mú un sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó ní ó dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára ìka òun. Nílé tiwa, bí ẹnikẹ́ni bá ti pe àyà, àrùn ọkàn la mọ̀. Ó di ilé ìwòsàn.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n lẹ okùn tín-ín-rín mọ́ ọn láyà láti fi gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Kí wọ́n tó ṣe tán, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Dókítà náà, obìnrin kan tí awò ojú rẹ̀ máa ń yọ̀ wá sórí imú, ní, "Ọkàn yín ò ní nǹkan kan. Ìjáyà òjijì ló ṣe yín."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìjáyà kẹ̀? Aláyà ni ìjáyà wá ń ṣe?"

Mo rín in títí a fi délé. Ọjọ́ kejì, mo tún rò ó fún àwọn akunlé. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti sọ Aláyà di Aláyàjíjá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Àbúrò mi kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló yẹ kó kọ mí lóminú. Kò kàn gun àkàbà mọ́. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó nílẹ̀ ló ń kùn. Ìjáyà náà tún ṣe é níbi tó ti tò sórí ìlà láti sanwó ọjà, kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ṣe é nínú bọ́ọ̀sì, kò wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Láàárín oṣù méjì, láti yàrá dé ilé ìdáná ni gbogbo ìrìnàjò rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e wá sí ibi iṣẹ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ta àkàbà yẹn."

Àyà tèmi náà wá já.

Ọjọ́ yẹn gan-an la padà sọ́dọ̀ dókítà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fà á? Bí ilẹ̀kùn bá ń há, àwa a máa ń wá ibi tó ti ń há."

"Ẹ̀yin káfíńtà," ó rẹ́rìn-ín, "ibi tó ti ń há lè ju ẹyọ kan lọ."

Ó bi àbúrò mi bó ṣe ń sùn. Wákàtí mẹ́ta. Kọfí ńkọ́? Ife márùn-ún, kí ojú lè là. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí? Àbúrò mi wolẹ̀. Ìyá wa ló kú. Àbúrò mi ló tọ́jú wọn fún ọdún méjì tí wọ́n fi wà lórí ibùsùn àìsàn. Èmi kan pósí, mo sì rò pé mo ti ṣe tèmi.

"Ṣé ó ń ṣe ẹlòmíràn nínú ẹbí?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá ni mo bá rántí bàbá wa. Bí èèyàn bá ti pọ̀ níbì kan, bàbá á jáde, wọn á di òpó mú, òógùn á bò wọ́n. Ooru-ń-mú-mi là ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an ni.

Dókítà ní, "Ara ló ń lu agogo iná níbi tí iná ò sí. Ó jọ ikú, kì í ṣe ikú. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń sá fún gbogbo ibi tó ti ṣe yín, ìbẹ̀rù á sé yín mọ́lé. Bí àyà bá wá ń dùn yín lọ́nà mìíràn, ẹ má sọ pé ìjáyà náà ni, ẹ tètè wá." Ó ní kó dín kọfí kù, ó sì júwe ẹni tí yóò máa bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí síta díẹ̀díẹ̀.

Àgbà kì í yára tọrọ àforíjì nílé tiwa, ṣùgbọ́n mo tọrọ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. "Má bínú. Ẹ̀rín àìmọ̀kan ni mo rín."

Ó ní, "Ẹ má tíì ta àkàbà náà."

Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ nìkan ló gùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Á dúró níbẹ̀ títí èémí rẹ̀ á fi rọlẹ̀, á wá sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó di ẹ̀kẹta. Akunlé kan fẹ́ la ẹnu, mo gbé òòlù sókè, ó pa á dé. Ọjọ́ tó dé àtẹ̀gùn kẹsàn-án, mo rí i tó tún gbá àkàbà mọ́ra. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti dé o!" ó kígbe. Gbogbo ọgbà ilé-ìwé ló gbọ́. "Àyà mi ń já!"

"Kò burú! Mo di àkàbà mú!"

Kò sọ̀ kalẹ̀. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí síta, èémí náà gùn, ó pẹ́. Mo dijú, mo di igi àkàbà mú láti ẹ̀yìn bí ẹni pé èmi ni mo wà lókè. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí róólà bẹ̀rẹ̀ sí yí lára etí òrùlé. Ó yí títí.

Ọwọ́ kan bà mí léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi àkàbà sílẹ̀. Mo ti sọ̀ kalẹ̀." Ọ̀dà wà nímú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ mí síta. Díẹ̀díẹ̀."

Mo mí síta.