Ohun Tí Safiyyah Gbọ́ Kẹ́yìn

Ní Arandun, ẹni tó bá fẹ́ gààrí tó yan dáadáa, ọ̀dọ̀ Jàrátù ló ń lọ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni níta. Inú ilé ni òun àti Bùkárì ọkọ rẹ̀ ti ń jà, ìjà ẹnu tí í bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, tí kì í tán bọ̀rọ̀. Safiyyah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á máa ka ìwé rẹ̀.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́tàlá nígbà tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Jàrátù pè é títí, ó rò pé ó ń sá fún iṣẹ́ ni. Ó yọ́ lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìdérí ìkòkò lu agbada gààrí. Ọmọ ò mira. Ni Jàrátù bá fọ́ ọ létí. Safiyyah yíjú padà, ó ń wò ó, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Wọ́n kán àdí lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i létí, wọ́n ṣe àdúà, pàbó ló já sí. Wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin. Dókítà obìnrin kan fi ẹ̀rọ yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe etí náà. Ohùn ń wọlé, ọkàn ọmọ ni kò gbà á mọ́.

Jàrátù ní, "Ṣé irọ́ ló wá ń pa?"

"Kò parọ́, ìyá Safiyyah. Kò gbọ́ ni lóòótọ́. Kí ló ń gbọ́ nílé tẹ́lẹ̀?"

Jàrátù rántí ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú àárọ̀ yẹn, bó ṣe nawọ́ sí ọmọ náà tó sọ fún Bùkárì pé, "Bí kì í bá ṣe tèyí ni, ǹ bá ti kúrò nílé yìí tipẹ́."

Dókítà ní kí wọ́n wá ibi tó parọ́rọ́ fún un. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Hàjàrá, ìyá Jàrátù, ní Ìsánlú-Ìsin. Bí màmá àgbà bá ń bó ẹ̀gúsí, á máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́. Kí iṣu tuntun tó jáde, Safiyyah ti ń dá a lóhùn.

Jàrátù gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ láti mú un wálé. Ó ní òun àti Bùkárì kì í jà mọ́.

"Mo gbọ́, Màámi," ni Safiyyah wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró síbí."

Láti Arandun ni Jàrátù ti ń to ẹ̀bẹ̀ tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ti ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn àti ti ìgbátí náà. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, ṣé ọṣẹ ìfọṣọ rẹ̀ ò tíì tán. Ọmọ ní ó ṣì kù.