Búlọ́ọ̀kù Tí Bíríkìlà Fi Ṣéènì Dè

Èyí tí gbogbo àdúgbò ò lè gbàgbé nípa olóògbé bíríkìlà ni ọjọ́ tó fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ so búlọ́ọ̀kù mọ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, bá a níbẹ̀ tó ń làágùn yọ̀bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ṣebí ìwọ lo ní inú búlọ́ọ̀kù ṣéènì lo kó owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ sí. Mo ti ṣe é. Owó dà?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní àkọsílẹ̀ owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni búlọ́ọ̀kù ṣéènì, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú. Abala àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀kù, so mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá yọ́ pa á rẹ́.

"Àṣé tí wọ́n bá yọ búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀, ògiri á pariwo! O ò tètè sọ bẹ́ẹ̀."

Ara ọkùnrin yìí kì í balẹ̀, àfi bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò. Ó gbọ́ pé àwọn kan ń wa owó náà bí ẹni wa kùsà, ó ti gbé ṣọ́bìrì. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ń fi ìṣirò wà á. Ló bá sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀: "Ìṣirò kẹ̀? Ẹ máa wà á lọ."

Pọ́ọ̀sì orí fóònù tí aránṣọ fi ń tọ́jú owó náà tún dà á láàmú, nítorí kò sówó nínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló wà níbẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kan tí ẹni tó bá mọ̀ wọ́n lè fi kó gbogbo owó lọ. Ìyẹn nìkan ló yé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni ẹlẹ́nu dídùn kan pe aránṣọ pé òun á sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kó ṣáà ti ka ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ fóun. Owó tí aránṣọ fẹ́ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ni o! Ó ti lanu láti kà á. Ẹ̀gbọ́n já fóònù gbà.

"Ọ̀gá, kọ́kọ́ ka tìẹ ná."

"Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀..."

"Báwo ló ṣe wá rí? Ṣàlàyé. Mo ráyè dáadáa."

Ó ń rìn láti ilé ìdáná dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bi í, ó tún ń bi í, títí olè fi ń bẹ̀ ẹ́: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ jẹun."

Kò bá àbúrò rẹ̀ wí rárá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí fóònù aránṣọ bá ti dún, á fò dìde: "Ta nìyẹn? Má kà á fún un o!" Kódà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, nígbà tí agbára ti tán, fóònù dún, ó sì ń tiraka láti dìde. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ò lè rẹ́rìn-ín.

Ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an. Àwọn oníbàárà ń pè é látàárọ̀ dalẹ́, kì í sì í tètè gbé fóònù. Á kọ́kọ́ dúró díẹ̀, bóyá ẹnì kan á béèrè pé ta nìyẹn.