Ọ̀pá Kẹ̀kẹ́ Bàbá Dáyọ̀

Ẹni tó bá tún dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà tó ní kẹ̀kẹ́ ò ju kẹ̀kẹ́ lọ, sípánà ọwọ́ mi ni n ó fi dá a lóhùn. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe.

Málàm Sáni, Hausa tó kọ́ mi níṣẹ́, kì í bi oníbàárà léèrè ohunkóhun kó tó yẹ kẹ̀kẹ́ wò. "Wo ibi tí ọ̀dà ti bó," ni yóò wí. "Ibẹ̀ ni wọ́n ń lò." Tí kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ ti àwọn èèyàn tirẹ̀, kááríà ẹ̀yìn ni ọ̀dà ti máa ń bó, torí pé èèyàn ni wọ́n fi ń gbé. Ti tíṣà, àga ìjókòó ló máa ń gbó. Ṣùgbọ́n ti àwọn àgbẹ̀ wa lọ́nà Kírì, ọ̀pá gbọọrọ tó wà láàárín àga àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló máa ń dán. Wọn kì í gùn ún. Àpò iṣu ni wọ́n ń gbé kọ́ ọ̀pá yẹn, wọ́n á wá máa tì í bọ̀ wálé.

Mo mọ gbogbo èyí. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, Dáyọ̀, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà, ti Hólándì dé, ó gbé kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ wá. Ó ní kí n gé ọ̀pá náà kúrò, kí n fi iná jó òmíràn mọ́ ìsàlẹ̀.

"Lọ́hùn-ún, kẹ̀kẹ́ tí ò ní ọ̀pá lókè làwọn àgbàlagbà ń gùn. Wọn ò ní máa gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n tó jókòó."

"Ṣé o ti bi bàbá?"

"Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n sí? Ẹ ṣáà gé e."

Ọ̀pá náà ń dán níwájú mi, àga sì dà bí tuntun. Ṣùgbọ́n Dáyọ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá, èmi àgbàyà sì mú ayùn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bàbá fi ẹsẹ̀ rìn wá. Dáyọ̀ ti padà sí Hólándì.

"Okun o, bàbá," ni mo fi kí wọn.

Bàbá ń fọwọ́ ra ọrùn. Orí ni wọ́n fi ń ru iṣu. Ìdajì ṣì wà lóko, màlúù sì ti wọ ibẹ̀.

"Dáyọ̀ ò mọ̀," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ ni?"

Ojú tì mí, inú bí mi, mi ò lè gbé orí sókè. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo jó ọ̀pá mìíràn padà, mo kùn ún ní dúdú. Nígbà tó di òwúrọ̀, èmi fúnra mi ni mo ti kẹ̀kẹ́ náà tẹ̀lé bàbá lọ sóko. Ìwọ̀nba tí màlúù jẹ kù la kó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, táyà bẹ́, bàbá sì gbé kẹ̀kẹ́ wá. Mo na ọwọ́ sí i. Bàbá di kẹ̀kẹ́ náà mú.

"Kọ́kọ́ wò ó ná."

Mo wò ó. Ọ̀dà dúdú ti ń bó lára ọ̀pá tuntun náà. Bàbá dúró títí mo fi wò ó tán, kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.