Fèrèsé Ilé Ìwẹ̀

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kì í kọjá níwájú ilé ìwẹ̀ wa ní Kalley, àdúgbò wa nílẹ̀ àjèjì, láì ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí ògiri mí," ni wọ́n máa ń wí. Màmá mi á tún lọ tì í nítorí eruku.

Lọ́jọ́ kan, màmá da jafẹ́ẹ̀lì, omi tí a fi ń bó aṣọ funfun, pọ̀ mọ́ fínígà láti fi fọ èébu dúdú tó tún yọ lára ògiri. Òórùn rẹ̀ mú wa lọ́fun, a bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fà wá síta. "Ìyàwó, ọṣẹ àti omi tó o. Afẹ́fẹ́ ni ilé yìí ń fẹ́." Wọn ò pariwo.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lánàá, eruku bo gbogbo àdúgbò, mo sì bá màmá nídìí fèrèsé náà. Ṣíṣí ni wọ́n ń ṣí i.